Ìlú dá ètò púlọ́ọ̀tù tuntun dúró nítorí omi: kí ni ká ṣe sí ilẹ̀ tí a ti rà?

ỌmọÌjẹ̀búHouston

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Éékà mẹ́fà la rà sí ẹ̀gbẹ́ ìlú kékeré kan ní àríwá Houston, láti pín in sí mẹ́rin fún èmi àti àwọn ọmọ ìyá mi mẹ́ta. Apá kékeré nínú ilẹ̀ náà bọ́ sínú ààlà ìlú, ìyókù wà lóde ààlà. A ò tíì fi ìwé kankan sílẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ìgbìmọ̀ ìlú wá dìbò fún moratorium: wọn ò ní gba ètò púlọ́ọ̀tù tuntun fún ìgbà kan ná, wọ́n ní omi ẹ̀rọ ò kárí. Ẹnìkan ti ń bẹ̀ wá pé ká tà á fún òun lówó pọ́ọ́kú. Ẹ jọ̀ọ́, ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

OlùṣètòÌlú

Ẹ má tíì tà á. Ẹni tó ń fi owó pọ́ọ́kú lọ̀ yín mọ̀ pé ìdádúró yìí ní òpin, ìdí nìyẹn tó fi ń kánjú.

Ẹ lọ bá akọ̀wé ìlú, kí ẹ gba ẹ̀dà òfin náà gan-an, èyí tó ní nọ́ńbà àti ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i. Ohun tí wọ́n ń sọ lórí Facebook kò tó. Nígbà tí ẹ bá ń kà á, ohun tí wọ́n sọ pé àwọn kò ní ṣe ni kí ẹ wá. Ìlú kan lè ní òun kò ní gba ìwé tuntun wọlé. Òmíràn á gbà á, á yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n kò ní fọwọ́ sí i. Òmíràn kò kan púlọ́ọ̀tù rárá, síso ilé tuntun mọ́ páìpù omi nìkan ló dá dúró. Níbi tí wọ́n bá ṣì ń gba ìwé wọlé, ẹ fi tiyín sílẹ̀ báyìí kí orúkọ yín wà lórí ìlà. Níbi tí wọn kò bá gbà á, ẹ múra iṣẹ́ sílẹ̀ kí ẹ lè wà lẹ́nu ọ̀nà ní ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo máàpù tó wà lẹ́yìn òfin náà. Ìdádúró tó bá jẹ́ ti omi sábà máa ń tẹ̀lé ibi tí páìpù ìlú ti ń fún àwọn ènìyàn ní omi, èyí sì lè yàtọ̀ sí ààlà ìlú. Ilẹ̀ tó wà nínú ìlú tó ń gba omi lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ omi mìíràn lè bọ́ kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ tún ka àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n máa ń yọ àtúnṣe ilé tó ti wà, àti ilé kan ṣoṣo lórí ilẹ̀ tó ti wà nínú ìwé káúńtì kí òfin tó dé, àti sísún ààlà láàrin púlọ́ọ̀tù méjì tí kò bí ẹ̀kẹta. Ẹ kọ lẹ́tà tàbí ímeèlì sí ọ́fíìsì ètò ìlú pé: "Ilé mélòó la lè kọ́ sórí ilẹ̀ yìí lónìí láìgé e?" Kí wọ́n dá yín lóhùn ní kíkọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu tí òṣìṣẹ́ sọ lórí kọ́ńtà, tí ẹjọ́ bá dé, kò sí ẹni tó máa rántí rẹ̀.

ẸnjiníàOmi

Ẹ má gbójú lé ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú òfin náà jù. Omi ló máa pinnu ọjọ́ tí ìdádúró yìí máa parí. Ìlú lè kọ oṣù mẹ́rin, ṣùgbọ́n bí kànga tuntun kò bá tíì tán, wọ́n á tún dìbò, wọ́n á tún sún un síwájú. Magnolia, tó wà ní Montgomery County ní àríwá Houston, gbé ìdádúró kalẹ̀ nítorí omi ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, wọ́n sì sún un síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Dripping Springs, lẹ́bàá Austin, ṣe tiwọn ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021. Omi ìdọ̀tí ni tiwọn, àwọn náà sún un síwájú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìṣirò náà, nítorí òun ni ẹ máa fi mọ̀ bóyá oṣù mẹ́rin ni tàbí ọdún méjì. TCEQ ni àjọ tó ń ṣàkóso omi ní Texas. Fún ìlú tó ń fa omi kànga, tí ilé tó so mọ́ páìpù rẹ̀ bá ti tó 250 sókè, òfin àjọ náà ní kí àwọn kànga lápapọ̀ lè fa gálọ́ọ̀nù 0.6 ní ìṣẹ́jú kan fún ilé kọ̀ọ̀kan. Kí gbogbo táǹkì lápapọ̀ gba gálọ́ọ̀nù 200 fún ilé kọ̀ọ̀kan. Táǹkì orí òpó, tí ìlú bá ń lò ó, gálọ́ọ̀nù 100 fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká sọ pé kànga ìlú kan ń fa gálọ́ọ̀nù 1,200 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ pín in pẹ̀lú 0.6, ilé 2,000 ló lè gbé. Ṣùgbọ́n tí gbogbo táǹkì wọn bá jẹ́ gálọ́ọ̀nù 300,000, ẹ pín in pẹ̀lú 200, ilé 1,500 ni. Èyí tó kéré jù ló ń jọba. Nínú àpẹẹrẹ yìí táǹkì ló há ìlú náà mọ́lẹ̀, kì í ṣe kànga, táǹkì sì máa ń rọrùn láti fi kún ju kànga lọ.

Kànga tuntun ní tiẹ̀ ní láti kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ. Ní Montgomery County, Lone Star Groundwater Conservation District ló ń fún wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbẹ́ ihò àyẹ̀wò, wọ́n á gbẹ́ kànga gan-an, wọ́n á yẹ omi wò, wọ́n á so iná mọ́ ọn. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ìlú ni pé: ṣé wọ́n ti fọwọ́ sí káńtíráàtì pẹ̀lú ẹni tó máa gbẹ́ ẹ? Níbi tí wọ́n ṣì ń wá owó, tí wọn kò tíì yan agbaṣẹ́ṣe, ẹ má retí pé ìdádúró náà máa parí ní ọjọ́ tí wọ́n kọ.

Ohun kan tún wà tó ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Ìlú lè ní ilé 1,300 tó ń lo omi, kí àyè sì ṣì wà fún 200, síbẹ̀ kí wọ́n ní omi ti tán. Wọ́n ti ṣèlérí 200 yẹn fún àwọn kọ́lékọ́lé ńlá ní kíkọ, kódà bí wọn kò tíì gbé bíríkì kan lé orí èkejì. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ti ṣèlérí àti ọjọ́ tí ìlérí kọ̀ọ̀kan máa kú. Àwọn ìlérí kan máa ń kú tí ẹni tó gbà á kò bá kọ́lé lásìkò, àyè yẹn sì máa ń padà sọ́wọ́ ìlú.

ArákùnrinEpe

Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọ̀rọ̀ yìí dà bí acquisition tí ìjọba Èkó ń ṣe ni? Ṣé wọ́n lè gba ilẹ̀ náà pátápátá?

Lọ́yàIlẹ̀

Rárá, bọ̀dá. Lábẹ́ Land Use Act ọdún 1978, gómìnà ni wọ́n fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ní ìkáwọ́. Ilẹ̀ tó bá wà nínú acquisition tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ìjọba, ẹni tó rà á lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ kò ra nǹkan kan, àfi tí wọ́n bá yọ ọ́ sílẹ̀ tí excision náà sì jáde nínú gásẹ́ẹ̀tì. Moratorium kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ ṣì jẹ́ tiyín, ẹ lè tà á, ẹ lè fi tọrẹ, ẹ ṣì máa san owó orí rẹ̀. Ohun tí wọ́n dá dúró ni ìwé àṣẹ láti sọ ọ́ di nǹkan tuntun, fún àkókò tó ní òpin.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ọ̀rọ̀ Texas, nítorí ọ̀nà wà fún ẹni tó béèrè.

Orí 212 ìwé òfin ìjọba ìbílẹ̀ Texas ló fún àwọn ìlú láyè láti ṣe ìdádúró, ó sì so ọwọ́ wọn. Ìlú gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀, kó pe àwọn ará ìlú láti wá sọ̀rọ̀, kó sì kọ ẹ̀rí sílẹ̀ pé ohun amáyédẹrùn kò tó: omi, omi ìdọ̀tí, ojú àgbàrá tàbí títì. Ẹ̀rí náà gbọ́dọ̀ sọ iye tí wọ́n ní, iye tí wọ́n ti lò, àti iye tí wọ́n ti ṣèlérí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọjọ́ 120 ni òfin fi sílẹ̀ fún ilé gbígbé. Àwọn aṣòfin máa ń tún orí yìí ṣe, nítorí náà ẹ ka ẹ̀dà tó wà lójú iṣẹ́ lónìí lórí ìkànnì ìjọba ìpínlẹ̀. Kí ìlú tó sún un síwájú, ó ní láti tún pe ìpàdé, kó sì fi hàn pé iṣẹ́ ń tẹ̀síwájú láti yanjú ìṣòro náà. Ìlú tó kàn tún ìwé àkọ́kọ́ kọ láì fi iṣẹ́ kankan hàn ti fún yín ní ohun tí ẹ lè sọ.

Orí yìí kan náà ní kí wọ́n fi ọ̀nà ìyọ̀ǹda sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ pèsè ohun tí ìlú kò ní lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ òun sílẹ̀, ìgbìmọ̀ sì gbọ́dọ̀ dìbò lé e lórí láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ìyẹn dára fún ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́ ilé ọgọ́rùn-ún. Fún púlọ́ọ̀tù mẹ́rin, owó rẹ̀ á pọ̀ jù.

Ní ti ẹ̀tọ́ ẹni tó ti fi ìwé sílẹ̀ kí òfin tó dé, orí 245 ló dáàbò bò ó: òfin tó wà ní ọjọ́ tí ẹ fi ìwé àkọ́kọ́ sílẹ̀ ni wọ́n máa lò fún gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹ kíyè sí ohun méjì. Ìwé tí kò pé lè kú ní ọjọ́ 45, tí wọ́n bá ti sọ fún yín pé nǹkan ṣẹ́kù tí ẹ kò sì mú un wá. Èkejì, orí 245 fúnra rẹ̀ yọ ọ̀rọ̀ síso ilé mọ́ omi ìlú sílẹ̀. Ẹ lè ní ẹ̀tọ́ sí púlọ́ọ̀tù, kí ẹ má ní ẹ̀tọ́ sí omi. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú.

Ẹ̀yin tiyín kò tíì fi nǹkan kan sílẹ̀, nítorí náà ẹ wo orí 232, ti káúńtì. Fún ilẹ̀ tó wà lóde ààlà ìlú, káúńtì kò gbọ́dọ̀ sọ pé dandan kí ẹ ṣe plat (àwòrán pípín ilẹ̀ sí púlọ́ọ̀tù, tí ìjọba máa ń fọwọ́ sí) tí ẹ bá pín in sí mẹ́rin tàbí kó má tó mẹ́rin, tí ẹ kò la títì sínú rẹ̀, tí ẹni kọ̀ọ̀kan tó gba ìpín sì jẹ́ ìbátan ẹni tó ni ín láàrin ipele kẹta, bóyá ti ẹ̀jẹ̀ tàbí ti ìgbéyàwó. Òbí àti ọmọ, ipele kìíní. Ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá, ìkejì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹni tàbí ọmọ àbúrò ẹni, ẹ̀kẹta. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá yín wà ní ìkẹrin, kò sí nínú rẹ̀, bó ti wù kí ẹ sún mọ́ra tó. Tí ọ̀kan nínú àwọn ìpín náà bá bọ́ sọ́wọ́ àjèjì lọ́la, káúńtì lè ní kí ẹ wá ṣe plat.

Kọ́léKọ́lé_Katy

Kí ló ń dá yín dúró? Ẹ jẹ́ kí sọ̀fíọ̀ yàn án sí mẹ́rin, kí lọ́yà kọ ìwé ilẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ lọ fi í sínú àkọsílẹ̀ káúńtì. Akọ̀wé káúńtì kì í béèrè plat lọ́wọ́ ẹni.

Lọ́yàIlẹ̀

Ìmọ̀ràn yìí ló ń kó àwọn ènìyàn sí wàhálà. Òótọ́ ni pé akọ̀wé lè gba ìwé ilẹ̀ náà wọlé. Ṣùgbọ́n níbi tí plat bá ti jẹ́ dandan, òfin Texas kò gbà kí iléeṣẹ́ omi tàbí ti iná so ilé mọ́ ilẹ̀ tí kò ní ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ìlú. Ẹ máa ní ìwé ilẹ̀ mẹ́rin tó dára, kò ní sí iná, báńkì kò sì ní yá ẹnikẹ́ni lówó lé e lórí. Ìyọ̀ǹda ti ìbátan wúlò nítorí pé òfin ló fún yín. Tí ẹ bá tọ ọ̀nà rẹ̀, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ káúńtì pé ẹ bọ́ sínú rẹ̀, kí ẹ fi lẹ́tà náà mọ́ ìwé ilẹ̀.

Kò tíì tán. Àwọn ìlú ní agbègbè òde tí wọ́n ní àṣẹ lé lórí, tí wọ́n ń pè ní ETJ. Nínú ETJ, ìlú àti káúńtì ti gbà láàrin ara wọn ẹni tó ń yẹ plat wò. Tí ìlú bá ni, ìyọ̀ǹda ti káúńtì lè má ràn yín lọ́wọ́. Ẹ pe àwọn méjèèjì, kí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, onílẹ̀ lè kọ ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ ilẹ̀ òun kúrò nínú ETJ. Tí ìlú kò bá ṣe nǹkan kan sí i láàrin àkókò tí òfin fún un, ilẹ̀ náà yọ fúnra rẹ̀. Kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ rò ó dáadáa: ẹni tó jáde kúrò lábẹ́ ìlú kò yẹ kó máa retí páìpù ìlú. Apá tó wà nínú ààlà ìlú kò ní bá a yọ, nítorí náà kí sọ̀fíọ̀ fa ìlà ààlà ìlú sórí àwòrán kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

ỌmọÌjẹ̀búHouston

Ẹ ṣeun púpọ̀. Tí a kò bá dúró de omi ìlú mọ́, ṣé kànga àti septic (ètò omi ìdọ̀tí tí ilé kọ̀ọ̀kan ní fúnra rẹ̀) lè bọ́ sórí éékà kan àti ààbọ̀?

ẸnjiníàOmi

Ó lè bọ́ sí i, tí ẹ bá fara balẹ̀ tò ó. Ní Texas, ilẹ̀ tó máa lo septic pẹ̀lú kànga ara rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kéré sí éékà kan. Tó bá jẹ́ omi ìlú ló ń lò, ààbọ̀ éékà ni. Nítorí náà éékà 1.5 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó.

Ibi tó ti máa ń dàrú ni ọ̀nà jíjìn láàrin kànga àti septic. Táǹkì septic gbọ́dọ̀ jìnnà sí kànga ní ẹsẹ̀ 50, ibi tí omi ìdọ̀tí ti ń wọ ilẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà ní ẹsẹ̀ 100. Kànga aládùúgbò náà wà nínú ìṣirò yẹn. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá gbẹ́ kànga sí àárín ilẹ̀ rẹ̀ lè ba ètò ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ojú ilẹ̀ yín lẹ́bàá títì jẹ́ ẹsẹ̀ 600, tó sì wọnú lọ ní ẹsẹ̀ bí 436: éékà mẹ́fà nìyẹn. Ẹ pín ojú títì sí ẹsẹ̀ 150 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí gbogbo kànga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níwájú ní ìlà kan, kí ilé wà láàrin, kí septic wà lẹ́yìn, tí ilẹ̀ bá dà sí ẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ iwájú ló dà sí, ẹ yí i padà, kí kànga wà níbi gíga. Ẹ fi àwòrán kan ṣoṣo tò gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ọjọ́ kan, kódà bí ẹnì kan ṣoṣo ló fẹ́ kọ́lé lọ́dún yìí.

Tí ojú títì bá ṣe tóóró, ìdẹwò máa wà láti la ọ̀nà kan wọnú kí gbogbo yín máa gbà á. Ọ̀nà àjọlò tí ẹ là fún àwọn tó gba ìpín lè sọ ìyọ̀ǹda ti ìbátan nù. Dípò rẹ̀, kí ìpín ẹ̀yìn ní ọrùn tirẹ̀ tó na dé títì, kí ẹ sì bi káúńtì bí fífẹ̀ ọrùn náà ṣe gbọ́dọ̀ tó. Tó bá jẹ́ títì ìjọba ìpínlẹ̀, TxDOT, iléeṣẹ́ títì ìpínlẹ̀ Texas, ló máa fún yín ní ìwé àṣẹ ẹnu ọ̀nà.

Ẹ má ra ẹ̀rọ septic kankan kí wọ́n tó yẹ ilẹ̀ wò. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ á gbẹ́ ihò méjì, ọ̀kan ní ìkángun kọ̀ọ̀kan ibi tí omi máa wọlẹ̀, á wo irú ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀. Amọ̀ líle pọ̀ ní agbègbè Houston, omi kì í wọ ọ́. Níbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí omi ìdọ̀tí, tó sì ń fọ́n ọn sórí koríko lẹ́yìn tó bá ti mọ́, ni wọ́n sábà máa ń fọwọ́ sí. Ó wọ́n ju ti páìpù abẹ́ ilẹ̀ lọ, ó ń lo iná, ó sì ń fẹ́ ẹni tó máa máa tọ́jú rẹ̀. Ẹ tún béèrè bí ibi tí omi náà ń fọ́n dé ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí ààlà ilẹ̀ tó. Ẹ fi owó rẹ̀ sínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀.

ÌyáBowie

Ẹ̀yin tó wà ní Maryland, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ Texas nìkan ni. Níbí, ilé-ẹ̀kọ́ ló sábà máa ń fà á, kò sì sí ìdìbò kankan. Ní Montgomery County ti Maryland, títí di ọdún 2020, tí wọ́n bá ṣírò pé àwọn ọmọ tó máa wà ní ilé-ẹ̀kọ́ agbègbè kan lọ́dún márùn-ún sí i máa ju ìdá 120 nínú 100 àyè tó wà lọ, ìdádúró ilé gbígbé máa ń bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní July 1. Ní 2019 ó bo apá kan Silver Spring. Káúńtì náà fi òpin sí i ní ọ̀pọ̀ ibi ní ìparí ọdún 2020, wọ́n fi owó àfikún rọ́pò rẹ̀. Howard County ṣì ní ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn, níbi tí ètò púlọ́ọ̀tù ti lè dúró fún ọdún mélòó kan. Kí ẹ tó ra ilẹ̀ láti gé, ẹ lọ wo àtẹ ilé-ẹ̀kọ́ tí káúńtì ń gbé jáde lọ́dọọdún, kí ẹ wo orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti àárín àti ti gíga tí àdírẹ́ẹ̀sì náà bọ́ sí. Ọ̀kan ṣoṣo tó bá kún ti tó láti dá yín dúró.

AráTacoma

Ní ìpínlẹ̀ Washington, ìlú tàbí káúńtì lè dìbò fún ìdádúró ní alẹ́ kan láì kéde rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí àwọn ènìyàn má bàa sáré fi ìwé sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ pe ìpàdé ará ìlú láàrin ọjọ́ 60. Oṣù mẹ́fà ló ń gbà, ọdún kan tí wọ́n bá kọ ètò iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì lè tún un ṣe ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ẹni tó ti fi ìwé plat tó pé pérépéré sílẹ̀ kí òfin tó dé ti bọ́. "Pérépéré" ni o: tí wọ́n bá ní ìwé ilẹ̀ rírẹ̀ tàbí ti omi òjò ṣẹ́kù, ẹ kò tíì fi nǹkan kan sílẹ̀ lójú òfin.

California le jù. Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ọjọ́ 45 ni àkọ́kọ́, gbogbo rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju ọdún méjì lọ pẹ̀lú àfikún. Láti 2020, ọ̀pọ̀ ìlú ibẹ̀ kò lè dá ilé gbígbé dúró mọ́ láìjẹ́ pé ìjọba ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí i.

Abíkẹ́Dallas

Ṣé ẹnikẹ́ni lè pe ìjọba lẹ́jọ́ kó san owó àdánù? Èlé báńkì ń jẹ ènìyàn ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀ fi dúró.

Lọ́yàIlẹ̀

Àǹtí, ó ṣòro. Ní 2002, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ adágún Tahoe, níbi tí wọ́n ti dá ìkọ́lé dúró fún oṣù 32. Adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta ló ní ìdádúró fúnra rẹ̀ kì í ṣe gbígba ilẹ̀, pé kí wọ́n wo ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bó ṣe rí. Ilé ẹjọ́ náà sọ pé èyí tó bá ju ọdún kan lọ yẹ kí wọ́n fi ojú àkànṣe wò ó. Ní 1987, wọ́n ti sọ nínú ẹjọ́ ìjọ kan ní Los Angeles County pé tí òfin bá gba gbogbo ìlò ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni, ìjọba lè san owó fún àkókò náà kódà bí wọ́n bá fagi lé òfin lẹ́yìn náà. Oṣù mẹ́rin, oṣù mẹ́fà, ẹ má ná owó lọ́yà lé e. Ẹjọ́ tó máa ń lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni ti ìlú tó fo ìlànà: kò kéde, kò pe ìpàdé, tàbí kò kọ ẹ̀rí. Ìyẹn kì í mú owó wá, ṣùgbọ́n ó lè fagi lé ìdádúró náà.

AlágbàtàSugarLand

Ẹni tí kò tíì rà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má san owó tí kò ṣeé gbà padà. Nínú àdéhùn, ẹ kọ ọ́ pé rírà yìí dúró lórí ohun méjì: kí plat wọ ìwé àkọsílẹ̀ káúńtì, àti kí iléeṣẹ́ omi kọ lẹ́tà pé àwọn á fún iye ilé báyìí ní omi, pẹ̀lú ọjọ́ tí lẹ́tà náà máa kú. Ẹ fi gbólóhùn kan kún un pé tí ìdádúró bá dé, ọjọ́ àyẹ̀wò dúró kò ní máa kà. Àwọn tó ń ta ilẹ̀ kì í fẹ́ràn gbólóhùn yìí. Ẹ dúró lé e lórí.

Ẹni tó ti rà tó sì ń dúró, ẹ tọ́jú owó orí tó kéré ti ilẹ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀, tí ilẹ̀ náà bá ní in. Tí ẹ bá dá koríko gbígbìn tàbí màlúù dúró, tí ẹ kó katakata wọlé láti pa igbó kí àsìkò tó tó, káúńtì lè ka ilẹ̀ náà sí ilẹ̀ ìkọ́lé, kí wọ́n sì béèrè ìyàtọ̀ owó orí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn lọ́wọ́ yín. Láàrin ìdádúró, ẹ ṣe èyí tí kò yí ìlò ilẹ̀ padà: sọ́fè ààlà, wíwọn ibi tí ilẹ̀ ga àti ibi tó lọ sísàlẹ̀, máàpù FEMA ti ibi tí omi ti ń kún, àyẹ̀wò ilẹ̀ fún septic.

ỌmọÌjẹ̀búHouston

Ọlọ́run á san án fún yín. Ìpàdé ará ìlú wà lóṣù tó ń bọ̀. Kí la máa sọ níbẹ̀, ìwé wo sì ni ká béèrè?

OlùṣètòÌlú

Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fún ènìyàn, nítorí náà ẹ má sọ ìtàn bí ẹ ṣe ra ilẹ̀. Ẹ béèrè ohun kan tí wọ́n lè fọwọ́ sí lálẹ́ ọjọ́ náà: kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin pé ilẹ̀ tó máa lo kànga ara rẹ̀, tí kò béèrè omi ìlú, kò sí nínú ìdádúró. Ẹ kọ gbólóhùn náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, kó lè wà nínú ìwé tí wọ́n gbé síwájú àwọn ìgbìmọ̀. Ẹni tó bá mú gbólóhùn tó ti tò wá máa ń rí gbà ju ẹni tó wá bínú lọ.

ẸnjiníàOmi

Ní ti ìwé, ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ lábẹ́ òfin ìwífún ará ìlú Texas. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ni ìlú ní láti dáhùn tàbí láti bá agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ sọ̀rọ̀ pé àwọn kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Ẹ béèrè àtẹ tó fi iye ilé tó ń lo omi hàn ní oṣù 12 tó kọjá, agbára kànga kọ̀ọ̀kan ní gálọ́ọ̀nù ní ìṣẹ́jú kan, iye tí táǹkì kọ̀ọ̀kan gbà, orúkọ gbogbo ètò púlọ́ọ̀tù tí wọ́n ti ṣèlérí omi fún àti ọjọ́ tí ìlérí kọ̀ọ̀kan máa parí. Ẹ béèrè ìwé tí wọ́n kọ sí TCEQ, nítorí iléeṣẹ́ omi tó ní agbègbè àṣẹ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ètò ìmúgbòòrò ránṣẹ́ tó bá ti lo ìdá 85 nínú 100 agbára rẹ̀. Fún omi ìdọ̀tí, ìdá 75 fún oṣù mẹ́ta léraléra ni wọ́n gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò, ìdá 90 sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti gba àṣẹ láti máa kọ́ ọ. Tí ìwé náà bá ti wà láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí wọn kò ṣe nǹkan kan, ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí ìpàdé. Kí ẹ sọ fún wọn pé fáìlì Excel lẹ fẹ́, kì í ṣe àwòrán ìwé, kí ẹ lè ṣe ìṣirò 0.6 àti 200 yẹn fúnra yín.